Owó Ẹsẹ̀ Àlejò

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí tọkọtaya náà ti ń jà. Kì í ṣe ìjà tó ń mú aládùúgbò sáré jáde o. Irú ìjà tó ti rẹ àwọn tó ń jà á fúnra wọn ni: ọkọ á sọ ọ̀rọ̀ kan, ìyàwó á gbálẹ̀ lọ díẹ̀ kó tó fèsì.

"Owó wà lọ́wọ́ ẹ lánàá," ni Yísà wí. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tí ọ̀dà mọ́tò ti yí láwọ̀. "O lọ fi gbogbo ẹ̀ ra ẹja. O sì mọ̀ pé àwọn oní-kérédì ń bọ̀ wá gbé firísà lónìí."

"Bàbá Nafi, tí n ò bá ra ẹja, kí ni n ó fi sanwó fún wọn? Itọ́ ẹnu mi?"

Yísà so okùn bàtà ẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ? Láti ìgbà tí iṣẹ́ kíkun mọ́tò ò ti lọ déédéé mọ́, ẹja tútù tí Oyèníkẹ́ ìyàwó ẹ̀ ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn l'Akpakpa ni wọ́n fi ń jẹ, òun náà ni wọ́n fi ń sanwó ilé. Inú firísà, èyí tí àwọn ará Kútọnu ń pè ní kọngẹlatọ̀, ni ẹja ń gbé. Tí firísà bá lọ, ẹja lọ. Tí ẹja bá lọ, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Àwìn ni wọ́n rà á, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kérédì kan ní Gbégamey. Oṣooṣù ni Oyèníkẹ́ ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, kò sì jẹ́ kó kọjá ọjọ́ rí. Nínú ìṣirò tiẹ̀, ó ku díẹ̀ kó di tiwọn pátápátá. Àfi bí àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe wọlé níjẹta pé gbèsè tó wà lọ́rùn wọn ju ìdajì owó firísà lọ, àti pé bí kò bá wọlé kí ọjọ́ Alámísì tó rọ̀, wọ́n ń bọ̀ wá gbé e. Ẹ gbọ́ ná. Èèyàn ra nǹkan, ó ń sanwó, bó ṣe ń san án ni gbèsè ń ga sí i! Ta ló kọ́ wọn ní irú ìṣirò bẹ́ẹ̀? Ilé-ìwé wo ni wọ́n ti ń kọ́ ọ? Kì í sì í ṣe ilé Yísà nìkan o. Ẹ rìn yí Akpakpa ká, ẹ ó rí ilé tí tẹlifíṣọ̀n ti kúrò lára ògiri tó ku ìṣó nìkan.

Ìyá Yísà gbé ẹ̀kọ àti ata díndín jáde. Ìjà ì báà wà nílẹ̀, ìyá yìí ò ní jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ jáde láìjẹun.

"Ẹ jẹ́ ká pe Fréjus," ló wí. "Ọmọ dáadáa ni. Á bá wa bẹ̀ wọ́n."

Fréjus ni ọmọkùnrin tí ilé-iṣẹ́ kérédì ń rán kiri ọ̀dọ̀ àwọn tó jẹ wọ́n lówó. Ọmọ Kétu ni. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Ìyá, ó ní, "Ẹ kú ilé o, Ìyá," Ìyá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Gbogbo àwọn tó ń wọ aṣọ ọ́fíìsì wá sí àgbàlá yẹn, Faransé tàbí Fọ̀n ni wọ́n ń sọ. Òun nìkan ló bá Ìyá sọ èdè tí Ìyá fi ń lálàá. Látọjọ́ náà ló ti di ọmọ ilé. Bó bá ń kọjá, á yà. Bó bá yà, á jẹun.

"Màmá, mo ti pè é títí," ni Oyèníkẹ́ wí. "Kò gbé e."

"Bóyá ó ń gun alùpùpù lọ́wọ́. Tún un pè."

"Mo ní mo ti pè é."

Rasidat tí yàrá ẹ̀ kọjú sí tiwọn ń pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ, ó sì ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Rasidat kì í ṣe ẹni tó máa ń díbọ́n pé òun ò gbọ́. Ó gbé garawa ẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyá Nafi, kí ni Fréjus fẹ́ ṣe? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Pọn ọmọ ẹ, lọ bá wọn lọ́fíìsì wọn, kí wọ́n ka gbèsè náà sí ẹ létí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọ ni wọ́n ń fẹ̀sùn gbèsè kàn, o ò sì mọ ohun tó o jẹ!"

"Faransé mi ò tó bẹ́ẹ̀."

"Faransé tó o fi ń ra ẹja ni kó o mú lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni Oyèníkẹ́ ṣe pọn Nafissath, ọmọ ẹ̀ tí ò tíì pé ọdún, tó sì gun ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní sémí, ó di Gbégamey. Orí afárá há fún mọ́tò, oòrùn sì ti mú. Fóònù ẹ̀ ò sinmi: ohùn obìnrin kan tí kì í ṣe èèyàn ń kà á létí ní Faransé pé ọjọ́ òní lọjọ́ ìkẹyìn. Bó bá ti pa á, á tún dún. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ti sú u, ó kúkú pa fóònù náà kú pátápátá, ó sọ ọ́ sínú báàgì.

Inú ọ́fíìsì tutù ju firísà lọ. Ó jókòó títí ọmọ fi jí, títí ọmọ fi tún sùn. Nígbà tí wọ́n pè é, ọmọbìnrin kan tó so orúkọ Clémence mọ́ àyà ló bá nídìí kọ̀ǹpútà. Oyèníkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Faransé ọjà, ó ń wá ọ̀rọ̀, kò rí i, ló bá kùn fún ara ẹ̀ pé, "Yéè, Ọlọ́run mi, báwo ni n ó ti sọ èyí?"

"Ẹ sọ ọ́ báyìí náà, Màmá," ni Clémence wí ní Yorùbá. "Ọmọ Àgùdà ni mí, láti Àjàṣẹ́. Ìyá ìyá mi ló tọ́ mi."

Ọkàn Oyèníkẹ́ balẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ìjà lòun bá wá. Clémence tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Gbèsè firísà gan-an ò pọ̀ mọ́," ló wí. "Owó ẹsẹ̀ ló pọ̀."

"Owó ẹsẹ̀ ta ni?"

"Ti òṣìṣẹ́ wa. Ó wà nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí. Ìgbàkígbà tó bá wá sílé yín láti rán yín létí owó, ẹ̀yin lẹ ó san owó ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjì sẹ́fà ni fún ìgbà kọ̀ọ̀kan."

"Fréjus?"

"Òun ni. Ó wá lọ́jọ́ kejì Iléyá."

"Ó wá jẹran ni!"

Clémence gbójú sókè, ó tún gbé e padà. "Ó wá ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ Sátidé, ní àárọ̀."

Oyèníkẹ́ ronú. Ọjọ́ Sátidé. Ọwọ́ ẹ̀ lọ sẹ́yìn, ó kan ọmọ tó pọ̀n. "Ọjọ́ tí a sọ ọmọ yìí lórúkọ nìyẹn. Ọkọ mi ló pè é. Àwa la pè é! Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ààfáà."

"Lẹ́yìn èyí, ó wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan."

"Ara ìyá ọkọ mi ò yá. Ó wá kí i. Ó ra ọsàn wá."

"Ọsàn?"

"Ọsàn. Mẹ́rin."

Ẹ̀rín pa Clémence, ó fọwọ́ bo ẹnu, ojú sì tì í lójú ẹsẹ̀. Oyèníkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. Gbogbo ìgbà tí Ìyá ti bu ọbẹ̀ kún abọ́, tó ti sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà, tó ní, "Máa yà kí wa o, má jẹ́ ká pẹ́ ká tó rí ẹ," gbogbo ẹ̀ pátá ló wà nínú kọ̀ǹpútà, iye tí wọ́n ó san sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Igún ṣoore, igún pá lórí. Èwo ni ká tún máa bi igún?

Clémence ń ṣàlàyé lọ ní ohùn pẹ̀lẹ́. Bí owó Oyèníkẹ́ bá ti wọlé lóṣù, owó ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ nínú ẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń kà sí owó firísà. Kò ní pé. Bí kò bá ti pé, wọ́n á bu owó ìtanràn lé e. Bí ìtanràn bá sì ti wà, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá rán wọn létí.

"Ó tún wá, ó tún jẹun," ni Oyèníkẹ́ wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"N ò gbà. Mo fẹ́ jiyàn ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé n ò gbà."

"A lè kọ ọ́. Oṣù kan ni wọ́n fi ń wò ó. Ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n má wá gbé firísà lónìí." Clémence rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀, ó wo ọ̀gá kan tó wà lẹ́yìn gíláàsì. "Ohun kan ló lè dá a dúró. Kí Fréjus fúnra ẹ̀ fọwọ́ sí i pé àlejò lòun wá ṣe láwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, pé òun ò wá síṣẹ́."

"Ṣé á fọwọ́ sí i?"

Clémence to bírò orí tábìlì ẹ̀ sápá kan, ó tún tò ó sápá kejì. Ẹni tó wà lẹ́yìn ti ń wúkọ́ kó lè bọ́ sí iwájú.

Nígbà tí Oyèníkẹ́ padà délé, ọkọ ẹ̀ ti dé ṣáájú ẹ̀. Ó lọ tọrọ owó iṣẹ́ tí ò tíì ṣe lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀, ọ̀gá sì ní òun náà ń wá ẹni tó máa yá òun. Wọ́n jókòó ti ìkòkò gààrì tí ẹnikẹ́ni ò bu nínú ẹ̀. Oyèníkẹ́ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀.

Yísà yíjú sí ìyá ẹ̀. "Màmá, mo sọ ọ́. Mo sọ pé wíwá ọmọkùnrin yìí ti pọ̀ jù."

"O ò sọ nǹkan kan," ni Ìyá wí. "Ìwọ lo pè é síbi ìsọmọlórúkọ."

"Mo sọ ọ́ ní ọkàn mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó tó," ni Oyèníkẹ́ wí. Kì í kúkú ṣe pé kò bínú sí Ìyá o! Inú ń bí i débi pé etí ẹ̀ ń hó. Ẹja tóun ń tà ni wọ́n ń sè fún ọkùnrin yẹn, òun ló ń fọ abọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, Ìyá sì dàgbà. Báwo lèèyàn ṣe ń bá ìyá ọkọ jà nítorí pé ó fún àlejò lómi?

Ìyá ń wo ọwọ́ ara ẹ̀. "Ṣé kí èèyàn wọlé, kó kí mi, kí n máa wò ó? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níhìn-ín ni?"

"Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́..." ni Yísà bẹ̀rẹ̀. Kò parí ẹ̀. Gbogbo wọn mọ ibi tí kòkòrò ń gbé, wọ́n sì mọ ọwọ́ tó gbé e síbẹ̀.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọlẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan dúró lójú títì. Ọkùnrin méjì ló bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, Fréjus sì tẹ̀ lé wọn. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Àwọn ará àgbàlá jáde, wọ́n dúró lẹ́nu yàrá wọn, wọ́n káwọ́ gbera. Rasidat náà jáde. Ó wo kẹ̀kẹ́ náà, ó wo àwọn ọkùnrin náà, ó wo Oyèníkẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó mú ìborùn, ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, ó sì bá ọ̀nà ẹ̀yìn jáde kíá.

Oyèníkẹ́ rí i. Rasidat náà. Ó mọ̀ pé ẹja máa jáde sínú agbada láìpẹ́, wọ́n á máa bẹ̀bẹ̀ ibi tí wọ́n ó kó o sí kiri. Ó sá kí wọ́n má baà bẹ òun. Ó dára náà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá," ni Fréjus wí. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó sì dúró sí agbedeméjì.

"Fréjus," ni Ìyá wí. "Ṣé owó ni ìkíni yìí náà?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lọ́ọ̀ọ́kán. Fréjus nu ojú ẹ̀.

"Ìyá, èmi kọ́ ni mo ń kọ ọ́. Fóònù tí wọ́n fún mi ni. Tí mo bá ti dé ilé oníbàárà, mo gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Wọn ò fún mi lówó oṣù. Inú ìrìn yẹn ni owó tèmi ti ń jáde. Tí n ò bá tẹ̀ ẹ́, n ò ní jẹun."

"Ṣé o ò jẹun nílé yìí ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ní yàrá kan, wọ́n sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Oyèníkẹ́ sún mọ́ ọn. Kò pariwo. "Fréjus, mo ti lọ síbẹ̀. Wọ́n ní tó o bá fọwọ́ sí i pé àlejò lo wá ṣe, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Ìwọ náà mọ̀. Ọjọ́ tí a sọ ọmọ yìí lórúkọ, ṣé o rán mi létí owó?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n."

"Ọjọ́ kejì Iléyá ńkọ́?"

"Rárá."

"Ó dáa, fọwọ́ sí i."

"Wọ́n á lé mi. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti sọ ọ́ fún ara ẹ̀ lójú ọ̀nà láìmọye ìgbà. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó."

Oyèníkẹ́ wò ó. Ohun tó bà á nínú jẹ́ jù ni pé ọmọ náà ò purọ́.

Àwọn méjì yẹn wọlé. Wọn ò já nǹkan, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Ó jọ pé iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni. Wọ́n kó ẹja jáde ní páálí páálí, wọ́n tú u sínú agbada àti garawa tí Yísà ń gbé fún wọn. Èyí ló dun èèyàn jù: ọkùnrin náà ń bá wọn gbé agbada! Kí ni kó ṣe? Kó jẹ́ kí wọ́n da ẹja sílẹ̀ẹ́lẹ̀? Wọ́n fa okùn iná yọ, wọ́n gbé firísà kọjá níwájú Ìyá, omi sì ń kán sílẹ̀ títí dé ojú títì.

Fréjus dúró sẹ́yìn díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí etí Ìyá, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ìyá, ẹnìkan míì ń bọ̀ lálẹ́ yìí láti mú ìwé owó tó kù wá. Ẹ má ṣílẹ̀kùn fún un. Tó bá kànkùn tí kò bá ẹnikẹ́ni, wọn kì í kà á. Ẹ má dáhùn rárá."

Ìyá mirí pé òun ti gbọ́. Fréjus lọ, kò sì sẹ́ni tó sìn ín.

Ẹja tó ti ń yọ́ kì í níyì lọ́jà. Àwọn aládùúgbò wá, wọ́n kẹ́dùn, wọ́n ní ẹ kú àdánù, wọ́n sì ná ẹja náà wálẹ̀ pátápátá. Ẹ má bá wọn wí. Àwọn náà ń wá ọbẹ̀. Oyèníkẹ́ ta ìwọ̀nba. Ó dín ìwọ̀nba títí òróró fi tán. Ìyókù, wọ́n fẹ́ yan án: Yísà da iná sábẹ́ páànù, ẹja àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n ni òjò Kútọnu rọ́ dé, ó pa iná, ó lé wọn wọlé. Agbada méjì ló kún fún ẹja síbẹ̀. Gbogbo owó òwò ẹ̀ nìyẹn, tó wà níbẹ̀ tó ń yọ́.

"Tí a bá rí yìnyín," ni Yísà wí.

"Níbo?"

"Rasidat ní ẹ̀gbọ́n kan l'Agblangandan tó ń ta..."

"Rasidat ti sá lọ. Ẹ má dárúkọ ẹ̀ fún mi."

Wọ́n kírun tán, wọ́n jókòó. Ìyá ròyìn ìkìlọ̀ Fréjus fún wọn, ó ní kí wọ́n paná, wọ́n sì paná. Òjò ń dà sórí páànù òrùlé, èèyàn ò gbọ́ ohùn ara ẹ̀.

Ìgbà náà ni ẹnìkan kànkùn.

Oyèníkẹ́ fẹ́ dìde. Ìyá di ọwọ́ ẹ̀ mú, ọwọ́ ìyá àgbà náà le bí irin. Ìyá tí kò jẹ́ kí àlejò kànkùn lẹ́ẹ̀mejì rí láyé ẹ̀! Wọ́n tún kàn án, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni náà pe orúkọ kan, òjò gbé e mì. Nafissath fẹ́ ké, Oyèníkẹ́ yára fi ọmú sí i lẹ́nu. Yísà jókòó sínú òkùnkùn, kò mí.

Rasidat ló wà níta. Ó gbé kúlà tó kún fún yìnyín sórí, omi ń ṣàn lára ẹ̀. Agblangandan ló sá lọ nírọ̀lẹ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ní ilé yìnyín. Ó bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà kí wọ́n kó gbogbo ẹja náà síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ títí wọn ó fi rí ọ̀nà àbáyọ. Ẹ̀gbọ́n náà ló wà lójú títì yẹn nínú mọ́tò ẹ̀, tó ń tẹ fèrè pé òun fẹ́ máa lọ. Rasidat ti pe fóònù Oyèníkẹ́ láti ọ̀nà, kò wọlé. Ó kànkùn lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé etí lé ilẹ̀kùn, kò gbọ́ nǹkan kan, kò rí iná. Ó rò pé wọ́n ti rí ibòmíràn kó ẹja lọ. Ó yí padà lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pé kó máa lọ, kó má bínú.

Ìyá dẹ ọwọ́ lára Oyèníkẹ́.

"Ó ti lọ," ló wí. "Ẹ bá mi dúpẹ́."

Wọ́n sì dúpẹ́.